Ó Ti Yé Màmá

Rọ́bà náà bẹ́ gbàù, omi sì fọ́n sára àwọn tó jókòó síwájú. Àwọn kan pariwo, àwọn kan bú sẹ́rìn-ín, tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì yára fi ọwọ́ bo awò ojú rẹ̀. Oníṣẹ́ páìpù tó ń tẹ pọ́ńpù dúró, ó gbé rọ́bà náà sókè kí gbogbo gbọ̀ngàn lè rí ibi tó ti ya.

"Ṣé ẹ rí i? Rọ́bà yìí ò ké. Kò sọ pé ó ń dun òun. Ojoojúmọ́ ni omi ń fipá gba inú ẹ̀ kọjá, ẹ̀ ń wò ó, ẹ ní kò ṣe é ní nǹkan kan. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe ń ṣe iṣan ara wa nìyẹn."

Gbogbo èèyàn ni ó dojú kọ, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń bá sọ̀rọ̀. Ìlà kẹta ni ìyá rẹ̀ jókòó sí, ó we gèlè, ó sì na ọrùn bí akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ gba ipò kìn-ín-ní.

Ọdún mẹ́ta ni oníṣẹ́ páìpù ti wà nínú ẹgbẹ́ kan, òun, apòògùn kan, nọ́ọ̀sì kan àti tíṣà àgbà. Kò sí ẹni tó rán wọn níṣẹ́. Láràárọ̀ Sátidé, wọ́n á gba gbọ̀ngàn ilé ìwé, wọ́n á sì mú ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kan wálẹ̀ débi tí ará àdúgbò á fi lè fọwọ́ kàn án: ìdí tí irin fi ń dípẹtà, bí kòkòrò ṣe ń wọ inú omi kànga. Òfin kan ni wọ́n ní. Ẹni tó bá gbọ́ àlàyé gbọ́dọ̀ dìde, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ padà. Bó bá sọ ọ́ bó ṣe yẹ, tíṣà àgbà á ju ìlẹ̀kẹ̀ kan sínú ìgò, á ní, "Ó ti yé e!" Ìgò kẹrin ló ń kún lọ báyìí, ó sì máa ń dùn mọ́ wọn láti mì í.

Oníṣẹ́ páìpù ló bẹ̀ wọ́n pé kí ti ọ̀sẹ̀ yìí jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀ ríru. Láti èṣí ni wọ́n ti sọ fún ìyá rẹ̀ nílé ìwòsàn pé tirẹ̀ ń ga. Bó bá bi í pé ṣé ó ti lo oògùn, èsì kan náà ló máa ń gbà: "Mo ti gbọ́, ọkọ mi." Nígbà tó yá, èsì náà kò fi í lọ́kàn balẹ̀ mọ́.

Màmá dìde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é.

"Ọkàn ni pọ́ńpù," ni ó wí, ó sì yí ojú ká bí ẹni tó ni gbọ̀ngàn. "Iṣan ni rọ́bà. Bí pọ́ńpù bá ń tì í kíkankíkan, ibi tó bá fẹ́lẹ́ jù ló máa bẹ́. Oògùn ló ń mú kí pọ́ńpù yẹn dẹwọ́. Ẹni tó bá lò ó lónìí tó fi í sílẹ̀ lọ́la, kò tíì lò ó. Kódà kí ara ẹ̀ le bí òkúta." Ó yíjú sí obìnrin tí ilé wọn kọjú síra. "Ìyàwó, ìwọ tó jẹ́ pé ọjọ́ tí orí bá fọ́ ẹ nìkan lo máa ń rántí tìẹ, ṣé o gbọ́?"

Gbọ̀ngàn dàrú fún ẹ̀rín. Ìlẹ̀kẹ̀ méjì ni tíṣà àgbà jù sínú ìgò. Orí oníṣẹ́ páìpù wú.

Kò pẹ́ tí nọ́ọ̀sì fi bẹ̀rẹ̀ sí wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn tó wá. Nígbà tó kan Màmá, ó wo ẹ̀rọ. Ó tú aṣọ ẹ̀rọ náà, ó so ó mọ́ apá kejì, ó tún wò ó. Ó wá fi ojú pe oníṣẹ́ páìpù sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé Màmá ń lo oògùn wọn?"

"Wọ́n ń lò ó."

"Ẹ̀rọ ò sọ bẹ́ẹ̀ o. Ẹ mú wọn dé ọ̀dọ̀ dókítà lónìí. Ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la."

Màmá ní ilé ni òun ń lọ. Nígbà tí wọ́n délé, kò fi nǹkan kan pa mọ́. Ó ṣí agolo tó ń kó abẹ́rẹ́ àti òwú sí, ó sì to káàdì oògùn méje sórí tábìlì. Hóró kan kò kúrò nínú wọn.

Oníṣẹ́ páìpù mú ọ̀kan, ó yí i wò. "Màmá, ẹ sọ fún mi pé..."

"Mo ní mo ti gbọ́. Mo sì gbọ́ lóòótọ́."

Ó kúnlẹ̀, àgbà ọkùnrin tí irun rẹ̀ ti ń funfun. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí àwọn lọ báyìí, kí ọkọ̀ tó gbé àwọn wá tó kúrò níwájú ilé. Màmá mi orí.

"Ọdún mẹ́fà ni mo fi ka oògùn sọ́wọ́ bàbá ẹ. Àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́. A ò lè jókòó ká jẹ́ tọkọtaya mọ́, aláìsàn àti olùtọ́jú la dà. Ọ̀sán tó kú, ife omi oògùn ló wà lọ́wọ́ ẹ̀. Mo sọ fún ara mi lọ́jọ́ náà pé mi ò ní fi èyí tó kù láyé mi ka hóró."

"Ó ti pẹ́ jù kí Bàbá tó bẹ̀rẹ̀ sí lo oògùn, Màmá. Bí kì í bá ṣe ti oògùn, wọn ò bá má lo ọdún mẹ́fà yẹn."

"Mo mọ̀."

"Ẹ̀jẹ̀ ríru lè má pa yín. Ó lè dá yín dùbúlẹ̀ ni, kẹ́ ẹ má lè sọ̀rọ̀."

"Ìyẹn náà, mo mọ̀ ọ́n. Dìde, orúnkún á máa dùn ẹ́."

Ó dìde. Wọ́n ní ẹni tó sùn là ń jí, a kì í jí ẹni tó pirọrọ. Ìyá rẹ̀ kò sùn, kò sì pirọrọ. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀ kedere, ó ń wo ọmọ rẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́. Èyí gan-an ló dẹ́rù bà á. Bí ọ̀bẹ ti wù kó mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Ẹ̀rọ omi tó wà ní ìdáná ń jò. Kò mọ ohun mìíràn tó lè ṣe, ó bá lọ mú sípánà nínú àpò iṣẹ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí tú u. Ibẹ̀ ló wà tí ìyàwó ilé iwájú fi kan ilẹ̀kùn wọlé, tó ń rẹ́rìn-ín.

"Màmá, mo ti lo tòní! Gbogbo àlàyé tí wọ́n ń ṣe nílé ìwòsàn ò wọ̀ mí létí rí, àfi bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́ láàárọ̀ yìí."

Màmá pàtẹ́wọ́. "O káre! Lọ́la náà o. Má fo ọjọ́ kan ṣoṣo, ṣé o gbọ́? O ṣì ń tọ́mọ."

Ìyàwó kúnlẹ̀ dúpẹ́, ó sì lọ. Màmá yíjú padà, ó rí bí ọmọ rẹ̀ ṣe dì sípánà mú tó ń wò ó. Ó kó káàdì méjèèje padà sínú agolo, ó dé e.

"Dè é dáadáa, ọkọ mi," ni ó wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Kó má tún máa jò."

Ó dè é. Omi dá. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀, ó ń wá ọ̀rọ̀ tó kù tí kò tíì sọ. Gbogbo ohun tó mọ̀ pátá, ìyá rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ọdún mẹ́ta ni ó ti ń mi ìgò pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó bi wọ́n rí nínú gbọ̀ngàn yẹn pé, bó bá ti wá yéni tán ńkọ́?