Ìlà Tó Kẹ́yìn Nínú Fọ́ọ̀mù Nusaybah

“Ta lẹ fà á lé lọ́wọ́?”

Àǹtí Màríámù ń tú okùn aṣọ lọ́rùn ọmọ kan nígbà tó gbọ́ ìbéèrè náà lẹ́yìn rẹ̀. Ó yíjú padà, ó rí Qudrah, ìyá Nusaybah, lẹ́nu ọ̀nà yàrá tí àwọn ọmọdé ti ń múra. Òjò ti pa á, hìjáàbù rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn léjìká.

“Bàbá rẹ̀ ló wá mú un, Ìyá Nusaybah. Kò tíì ju ogún ìṣẹ́jú lọ.”

Qudrah kò pariwo. Ó kàn wo gbogbo yàrá náà yíká, láti orí àga dé ìdí fèrèsé, bí ẹni pé ọmọ ṣì lè wà níbẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, láàárín bàtà àwọn ọmọ ọlọ́mọ.

Ọjọ́ kejì àjọ̀dún eré orí ìtàgé ni, èyí tí àwọn ẹgbẹ́ tí kò fi eré ṣe iṣẹ́ òòjọ́ máa ń ṣe lọ́dọọdún ní gbọ̀ngàn kan ní GRA, Ìlọrin. Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Màríámù. Ní òpin ọ̀sẹ̀, òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àdúgbò Adéwọlé ní eré, òun náà ló sì ń mójú tó wọn lẹ́yìn ìtàgé. Ọmọ mẹ́tàdínlógún ló wà níkàáwọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé yẹn. Nusaybah, ọmọ ọdún méje, ló ṣe ìyá àgbà inú eré. Nígbà tó fi ọ̀pá tilẹ̀ tó ń bá ọkọ ọmọ rẹ̀ wí, àwọn òǹwòran rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn.

Kété tí eré parí ni òjò dé. Ọkùnrin kan tó wọ jàlàbíà funfun yọjú, ó kí Màríámù tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ní Umar lorúkọ òun, òun ni bàbá Nusaybah, ìyá rẹ̀ ló ní kí òun wá mú un nítorí òjò. Kí Màríámù tó fèsì, ọmọ ti sáré lọ dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó ń pe “Dádì mi, Dádì mi.” Ìwé kan wà tó yẹ kí Màríámù wò kó tó fi ọmọ kankan sílẹ̀, ìyẹn fọ́ọ̀mù tí òbí kọ̀ọ̀kan kún. Báàgì tó wà nínú rẹ̀ kò jìnnà sí i. Ṣùgbọ́n ọmọ méjì ń sunkún, ẹgbẹ́ tó kàn ti ń kan ilẹ̀kùn pé kí wọ́n yọ̀ǹda yàrá, ọkùnrin náà sì níwà. Ó tiẹ̀ ní kí ọmọ kọ́kọ́ dágbére.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Màríámù tó ka fọ́ọ̀mù. Ìlà tó kẹ́yìn béèrè ẹni tó lè wá mú ọmọ. Qudrah ti fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ pé: Èmi nìkan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fà á lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́.

Ó ti pé ọdún méjì tí kóòtù tú ìgbéyàwó Umar àti Qudrah ká, tó sì ní ọ̀dọ̀ ìyá ni kí ọmọ máa gbé. Láti ìgbà náà ni Umar ti ń sọ fáwọn ẹbí pé lọ́jọ́ kan, òun á mú ọmọ òun lọ, ojú ìyá rẹ̀ kò sì ní í kàn án mọ́. Qudrah fẹjọ́ sùn lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, ó pe fọ́ọ̀nù Umar títí, kò lọ. Ọjọ́ kẹrin ni Umar pè láti Kàdúná pé Nusaybah ti wà lọ́dọ̀ ìyá òun, ilé àwọn baba rẹ̀ ni yóò ti dàgbà. Lọ́yà rẹ̀ kọ̀wé pé Qudrah fúnra rẹ̀ ló ní kí bàbá wá mú ọmọ, pé ọmọ títọ́ ti sú u.

Lọ́jọ́bọ̀, Alága ẹgbẹ́, Àlàájì Abdulmumini Àlàó, ránṣẹ́ pe Màríámù sílé. Òun ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Nígbà tí Màríámù wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, òun ló kọ́kọ́ mú un gun orí ìtàgé. Ó ti tẹ ìwé kan sílẹ̀ dè é.

“Bàbá ọmọ ló mú ọmọ rẹ̀, Màríámù. Kì í ṣe gbọ́mọgbọ́mọ. Ohun tí ìwé yìí sọ ni pé ọwọ́ bàbá la fà á lé, àti pé kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún wa. Buwọ́ lù ú.”

“Ó kìlọ̀ fún wa, sà. Ó kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù.”

Alága bọ́ awò ojú rẹ̀. “Ta ló tún rí fọ́ọ̀mù náà?”

“Èmi nìkan, sà.”

“Ó dáa. Ìwé a máa sọnù.”

Ó ṣàlàyé fún un pé bí ọ̀rọ̀ náà bá jáde, àwọn òbí á kó ọmọ wọn kúrò, kò sì sí gbọ̀ngàn tó máa gbà wọ́n mọ́. Iṣẹ́ ọgbọ̀n ọdún á wọmi. Ó ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ó ní òun ń bo Màríámù láṣìírí ni, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ẹ̀bi máa já sí.

Màríámù mọ̀ pé òótọ́ nìyẹn. Àánú Alága sì ṣe é. Ó rántí ọjọ́ kan tí ìyá òun pẹ́ dé, tí ará àdúgbò kan fẹ́ mú òun lọ sílé. Alága kọ̀ jálẹ̀. Ó jókòó ti òun lórí àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn títí ìyá òun fi dé lẹ́yìn Mágàríbì. Màríámù wo ojú rẹ̀ báyìí, ó ń wá ẹni yẹn níbẹ̀. Ó dìde, ó ní kó má bínú, òun kò ní lè buwọ́ lù ú.

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ọ̀, Màríámù wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ọjà Tuntun, níbi tí Qudrah ti ń ta hìjáàbù. Qudrah rí i, ó sì gbójú kúrò. Màríámù kúnlẹ̀ láàárín ṣọ́ọ̀bù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló dàgbà jù, ó gbé fọ́ọ̀mù lé e lẹ́sẹ̀.

“Lóòótọ́ lẹ kọ ọ́. Èmi ni mi ò kà á. Ohun tí mo wá sọ nìyẹn.”

Qudrah mú ìwé náà. Ó pẹ́ tó fi wo ìkọ̀wé ara rẹ̀.

“Gbogbo èèyàn ló ń bi mí bóyá lóòótọ́ ni mo kọ ọ́,” ló wí nígbẹ̀yìn. “Èmi náà ti ń gbà pé mi ò kọ ọ́.”

Ó ká ìwé náà sínú àyà aṣọ rẹ̀. “Ọjọ́ Ajé la máa dé iwájú adájọ́. Ṣé ẹ lè sọ ọ́ níbẹ̀ bí ẹ ṣe sọ ọ́ yìí?”

“Mo máa sọ ọ́.”

“Mi ò tíì lè dárí jì yín, Àǹtí.”

“Mo mọ̀.”

Nígbà tó yá, Qudrah tún béèrè, ohùn rẹ̀ kò ròkè: “Ṣé ó sunkún nígbà tó ń lọ?”

Irọ́ kan wà tí ì bá rọrùn fún àwọn méjèèjì. Màríámù kò pa á. “Rárá. Ó ń rẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ dùn pé òun rí bàbá òun.”

Ìgbà náà ni ẹkún tí Qudrah ti ń gbé mì láti ọjọ́ Sátidé bú jáde. Ó da ojú dé orí àtẹ ọjà rẹ̀. Obìnrin kan yà sẹ́nu ọ̀nà, ó ń béèrè hìjáàbù aláwọ̀ eérú tó wà lókè. Qudrah kò lè gbórí sókè. Màríámù dìde lórí ìkúnlẹ̀, ó nawọ́ sókè, ó sì bá Qudrah já hìjáàbù náà fún obìnrin náà.