Eegun Tó Ń Yí Àtẹ́lẹwọ́

Ọmọrí kẹta tún já sínú ìkòkò aró láàárọ̀ ọjọ́ náà. Àyọ̀kẹ́, ìyá àgbà amọ̀kòkò, rẹ́rìn-ín, àmọ́ inú rẹ̀ kò dùn.

Ó ti di ọ̀sẹ̀ méje tó ti yọ̀ ṣubú lórí amọ̀ tútù, tí wọ́n sì ti fi simẹ́ǹtì ilé ìwòsàn di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó kán. Ọmọ rẹ̀, Fisáyọ̀mi, ló ń mọ ọmọrí fún ìkòkò tí ìyá ti mọ sílẹ̀. Ní àgbàlá wọn ní Ìrẹmọ, wọn kì í fi okùn wọn ẹnu ìkòkò. Amọ̀kòkò á fi ìgbọ̀nwọ́ gúnlẹ̀ lórí eérú tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, á na ọwọ́, á dojú àtẹ́lẹwọ́ délẹ̀, á wá fi igi ṣóńṣó fa ìlà yípo; ìlà yẹn ni ìwọ̀n ẹnu ìkòkò àti ọmọrí rẹ̀. Ọwọ́ Fisáyọ̀mi kúrú sí ti ìyá rẹ̀. Ohun tó ń mú kí ọmọrí já sínú nìyẹn.

Ní ilé ìwòsàn Òkè-Ogbó lọ́jọ́ náà, dókítà Oyèwọlé gé simẹ́ǹtì náà kúrò. Ó fi àwòrán eegun apá tó wà ní ìhà àtàǹpàkò hàn án. Rédíọ́ọ̀sì lorúkọ rẹ̀, ó ní. Òun ló ń gun orí eegun apá kejì tá a bá ń yí àtẹ́lẹwọ́. Orúkọ yẹn náà làwọn onímọ̀ ìṣirò ń pe ìlà tó ti àárín ohun roboto dé etí rẹ̀, bíi sípókù kẹ̀kẹ́.

“Ẹ dojú ọwọ́ délẹ̀, Màmá.”

Ọwọ́ Àyọ̀kẹ́ yí dé ìdajì, ó dúró. Òógùn bò ó. Bí kò bá yí tán, iṣẹ́ ìkòkò parí fún un nìyẹn. Dókítà ní kó má fipá yí i, kó rọra.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, ó rò bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀. Ló bá bẹ̀rẹ̀ orin, ó ń yí ọwọ́ tẹ̀ lé e:

*Ìgbọ̀nwọ́ jókòó, ọwọ́ ń rìn,*
*Amọ̀ tútù, èmi rè é o.*

Awakọ̀ bi í léèrè bóyá Màmá ń bá òun yí ọkọ̀ ni. Kí wọ́n tó délé, àtẹ́lẹwọ́ ti dojú bo itan pẹlẹbẹ.

Bó ṣe wọ àgbàlá, ó kúnlẹ̀ sórí eérú, ó gún ìgbọ̀nwọ́ mọ́lẹ̀, ó mú igi ṣóńṣó, ó ń fa ìlà bó ṣe ń rákò yí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ po, títí ìparí ìlà fi pàdé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Fisáyọ̀mi dojú ọ̀kan nínú ìkòkò tí ìyá ti mọ sílẹ̀ dé ìlà náà. Ẹnu ìkòkò bo ìlà, kò yọ síta, kò kù sínú.

“Ìyá mi, mo kí yín kú oríire,” Fisáyọ̀mi sọ ọ́ jẹ́jẹ́. “Ẹ gba iṣẹ́ yín. Ọwọ́ tèmi ò tó o.”

Àyọ̀kẹ́ wo ọwọ́ ọmọ náà, tó gún régé, tí kò ní àbùkù kankan. Ó gbá eérú ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ tẹ́jú.

“Fi ìgbọ̀nwọ́ tìẹ síbí,” ó ní. “Ìkòkò tìẹ ni kó o kọ́kọ́ mọ, ọmọrí rẹ á wá bá a mu.”