Aago Niu Yọ́ọ̀kì, Aago Èkó

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan ni, nínú oṣù Dìsẹ́ḿbà ọdún 1979. Ọyẹ́ ti bo gbogbo ìlú Afo bí eérú. Ambrose aládùúgbò sáré wọlé láìkanlẹ̀kùn.

"Ṣé ẹ ti gbọ́ rédíò? Ọkọ̀ òfurufú kan láti Amẹ́ríkà ti já sínú òkun bó ṣe fẹ́ balẹ̀ ní etíkun Áfíríkà tiwa níbí! Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí òní ni."

Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ Cecilia. Ọdún mẹ́rin ni Boniface ọkọ rẹ̀ ti wà lẹ́nu ìwé ní Niu Yọ́ọ̀kì, òní ló sì ń bọ̀ wálé.

"Aago mélòó ló ní òun á wọkọ̀?" Màmá Oyèkẹ́, ìyá Boniface, ló bi í.

"Aago méje alẹ́ àná, Ìyá. Tààrà sí Èkó, wákàtí mẹ́wàá."

Màmá ń ka ìka. Mẹ́jọ, mẹ́sàn-án, mẹ́wàá... Nígbà tó dé ìka kẹwàá, gèlè bọ́ lórí rẹ̀.

"Aago márùn-ún! Yéè, ọmọ mi!"

Igbe yẹn kó àdúgbò jọ. Ẹnìkan ti ń gbé àga síta, bí ẹni pé òkú ti wà nílẹ̀. Cecilia fẹ́ ké, ṣùgbọ́n nǹkan kan nínú ìṣirò yẹn kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Olùkọ́ ni. Ó sáré lọ sí ilé ìwé, ó sì gbá àwòrán ayé rọ́bótó tó wà lórí tábìlì kíláàsì rẹ̀ mọ́ àyà wálé.

Ó na òwú ìránṣọ láti Niu Yọ́ọ̀kì dé Èkó, ó fi rúlà wọ̀n ọ́n: ínṣì márùn-ún lé díẹ̀. Ínṣì kan jẹ́ ẹgbẹ̀rún máìlì. Ọkọ̀ òfurufú a sì máa sá tó ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta máìlì lé díẹ̀ ní wákàtí kan. Wákàtí mẹ́wàá náà ni lóòótọ́. Ó rọra yí ayé náà, bó ṣe máa ń yí i fún àwọn ọmọ kíláàsì, ló bá kígbe.

"Ìyá, ẹ dákẹ́ ná! Aago tiwọn kọ́ ni aago tiwa. Oòrùn á ti yọ níbí fún wákàtí mẹ́fà kó tó yọ lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tí aago méje alẹ́ lù níbẹ̀, aago kan òru ti lù níbí."

"Kí ni ìyẹn já sí?"

"Ó já sí pé nígbà tí ọkọ̀ yẹn já, wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ péré ni ọmọ yín ti lò lójú òfurufú."

Ó gé òwú náà síbi tí wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ mọ. Ṣóńṣó rẹ̀ dúró láàárín omi búlúù. Ó ku ju ínṣì kan lọ kó tó kan etíkun Áfíríkà.

"Kò tíì dé ìtòsí ibẹ̀. Aago mọ́kànlá òwúrọ̀ tiwa ló yẹ kí ọkọ̀ tirẹ̀ balẹ̀."

Màmá wo òwú, ó wo ojú ìyàwó ọmọ rẹ̀. "Ṣé o lè búra?"

Cecilia kò lè búra. Bí ọkọ̀ bá gbéra ṣáájú àkókò ńkọ́? Bó bá wọ ọkọ̀ mìíràn ńkọ́? Ó kàn ní kí wọ́n kó àga padà sínú ilé.

Ilẹ̀ ṣú, Boniface kò dé. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan oúnjẹ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ̀ agbégi kan dúró létí títì. Ọkùnrin kan tí eruku ti sọ di pupa sọ̀ kalẹ̀ tòun ti àpótí. Òkùnkùn ló bá a lọ́nà, ló bá sùn sí Òrè. Màmá di etí ọmọ rẹ̀ méjèèjì mú bí ẹni di ọmọdé mú. Cecilia dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Aago mélòó lẹ balẹ̀?"

Ẹnu ya Boniface. "Mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Kí ló dé?"

Cecilia jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó sì sun ẹkún tó ti ń gbé mì láti àná.