Bàtà Ẹnu Ọ̀nà

Ìgbà kan wà ní Niamey tí ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà àti kóòtù kan ṣoṣo kì í wáṣẹ́ tì. Àwọn àjọ òyìnbó pọ̀ bí eèrà inú ṣúgà. Òṣì ará ìlú ni wọ́n wá wádìí, wọ́n sì ń fowó gidi gba ẹni tó bá lè ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn. Khàlíd, ọmọ oníṣòwò pákó láti Ìlọrin, jẹun lórí òṣì yẹn títí tó fi yọkùn. Oyè orí káàdì rẹ̀ gùn ju orúkọ rẹ̀ lọ: Olùwádìí àti Olùdámọ̀ràn Àgbà nípa Ìgbáyégbádùn Ará Ìlú.

Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba, àwọn àjọ náà palẹ̀ mọ́. Òṣì nìkan ni kò bá wọn lọ. Bùkárì, ọmọ Ìlọrin bíi tirẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣèwádìí kiri abúlé, kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Takisí ló ń wà lórí afárá báyìí. Ìsmáílà, ẹ̀gbọ́n Khàlíd, ní àyè wà ní ṣọ́ọ̀bù bàbá wọn ní Katako, ọjà pákó. Khàlíd fèsì pé ẹni tó ti kọ̀wé lórí ìyà àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà kò lè padà wá máa ta pákó fún wọn. Ṣùgbọ́n Motún, ìyàwó rẹ̀, ti sọ ọ́ gbangba: bí iṣẹ́ kò bá dé kí àwọn ọmọ tó wọlé ẹ̀kọ́, òun fúnra òun ni yóò gbé kóòtù náà lọ Katako, pẹ̀lú ẹni tó wà nínú rẹ̀.

Iṣẹ́ dé. Ọ́fíìsì tó gbé e wá kò ní pátákó lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀gá ibẹ̀, ọkùnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù, fẹ́ mọ bí àwọn àlejò, ìyẹn àwọn tí bàbá wọn ti ilẹ̀ òkèèrè wá, ṣe ń gbé ní Gamkalley létí odò: ta ló wà ní ilé wo, wọ́n sì jẹ́ mélòó. Ilé tí Khàlíd bá ti dé, kó fi ẹfun kọ nọ́ńbà sí ilẹ̀kùn rẹ̀, bí àwọn olùwádìí ti máa ń ṣe. Khàlíd fẹ́ bèèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ìwádìí náà ṣe. Ọkùnrin náà pè é ní Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ìbéèrè náà kú sẹ́nu rẹ̀.

Àwọn ará Gamkalley ṣílẹ̀kùn fún un, ọmọ wọn kúkú ni. Ìyá Zùlàíkhà, àbúrò bàbá rẹ̀ lóbìnrin, tó ń gbin sàláàdì létí odò, bu fúrá fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tó bi í pé ọmọ àti ọmọ-ọmọ mélòó ló ń sùn nílé, ìyá gbé ìgbákọ sílẹ̀.

"A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, Khàlíd. Ìwọ náà ò ṣàìmọ̀."

Khàlíd rẹ́rìn-ín. Ó ṣàlàyé pé ayé ti kúrò níbẹ̀, pé ìwádìí ni, pé ìlú tí kò bá ka èèyàn rẹ̀ kò lè ṣètò fún wọn. Ìyá gbọ́ ọ tán, ó ní kó mu fúrá rẹ̀.

Nígbà tó ń jáde, ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ wọ bàtà, ó sì ka gbogbo bàtà tó tò sẹ́nu ọ̀nà, ti àgbà, ti ọmọdé. Ọgbọ́n tirẹ̀ nìyẹn. Òun ló fi kọ́ Bùkárì lábúlé. Ẹni tó bá pa ẹnu mọ́, bàtà rẹ̀ á sọ̀rọ̀. Ó kọ nọ́ńbà sí ilẹ̀kùn ìyá. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ rẹwà.

Wọ́n yìn ín lọ́fíìsì. Ọ̀gá ní apá kejì iṣẹ́ náà ń bọ̀. Khàlíd gba Katako kọjá nínú kóòtù, kò ra nǹkan kan. Ó kàn fẹ́ kí Ìsmáílà rí i ni.

Kò pẹ́ tí ọkọ̀ kan fi wọ Gamkalley. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ kò bèèrè ọ̀nà. Ilé tí ẹfun wà lára ilẹ̀kùn rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń dúró sí, wọ́n sì ti mọ iye èèyàn tó yẹ kó jáde. Wọ́n ní kí àlejò padà síbi tó ti wá kí òjò tó dé. Ìyá Zùlàíkhà, tí wọ́n bí sí Niamey, bi wọ́n pé níbo nìyẹn. Ilẹ̀kùn ni wọ́n ń wò, wọn ò wojú rẹ̀.

Ó kó ẹrù àti àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá sí Harobanda lódìkejì odò, sílé Khàlíd. Khàlíd ti to àwíjàre sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá kò bá a wí. Ó kàn bọ́ bàtà rẹ̀, ó gbọn yanrìn ara rẹ̀, ó há a sí abíyá, ó sì gbé e wọ yàrá. Ó ní kí àwọn ọmọ ṣe bẹ́ẹ̀. Motún wo ìyá, ó wo ọkọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, bí Khàlíd ti ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀, ó rí nọ́ńbà lára ilẹ̀kùn ara rẹ̀. Ẹfun ni. Ọwọ́ ìkọ̀wé náà kì í ṣe tirẹ̀. Ó tẹ ọ̀gá náà láago. Ohùn tútù yẹn ní apá kejì ti bẹ̀rẹ̀ lódìkejì odò, pé kò bójú mu kí èèyàn wádìí ilé ara rẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn fi wá ẹlòmíràn.

"Ẹ dá a lóhùn dáadáa, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹ̀yin lẹ mọyì ìwádìí."

Ẹnìkan kanlẹ̀kùn. Bùkárì ni, nínú kóòtù tó fún mọ́ ọn lára díẹ̀. Ó kí i, ó béèrè àlàáfíà ará ilé, ó bẹ̀bẹ̀ pé òun ti kọ nọ́ńbà kí òun tó wọlé. Lẹ́yìn náà ló wá béèrè pé èèyàn mélòó ló ń sùn níbí.

Ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu Khàlíd kó tó mọ̀: "A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, Bùkárì. Ọmọ Ìlọrin ni ìwọ náà. Tí wọ́n bá kà wá tán, ta ló kù?"

Bùkárì rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́, bí ẹni tí àánú àgbàlagbà ń ṣe. Ó ní kò sí wàhálà, kò sí ẹni tí wọ́n máa fipá mú. Ó wá bẹ̀rẹ̀, bíi pé okùn bàtà rẹ̀ tú. Bàtà Khàlíd wà lẹ́nu ọ̀nà, ti Motún wà níbẹ̀, ti àwọn ọmọ wọn tò tẹ̀ lé e, títí dé rọ́bà pupa kékeré ti àbígbẹ̀yìn. Ti ìyá àti ti àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ nìkan ni kò sí níbẹ̀.

"Bàtà yín mà dára o, ọ̀gá," ni Bùkárì wí.