Àmì Múyìwá Lórí Pátákó

Èéfín ń rú jáde láti inú ilé ìdánrawò àwọn panápaná, àmì Múyìwá sì ṣì wà lórí pátákó. Ládélé dúró tì í. Òfin iṣẹ́ wọn ṣe kedere: panápaná tó bá fẹ́ wọ inú èéfín yóò fi àmì orúkọ rẹ̀ lé ẹni tó ń ṣọ́ pátákó lọ́wọ́. Ẹni náà kò sì gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ títí olúkúlùkù yóò fi jáde wá gba tirẹ̀.

Ìdánrawò ìkẹyìn nìyí. Bí oṣù yìí bá parí, ilé-iṣẹ́ wọn tó wà nítòsí Beam Park nílùú òyìnbó níbí kò ní ní panápaná tirẹ̀ mọ́. Victoria, ọ̀gá tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ti gbé àdéhùn kalẹ̀ láàárọ̀: owó ìfẹ̀yìntì àwọn tó ti lé ní àádọ́ta ọdún yóò wà bó ṣe wà, àwọn tó kù yóò gba owó tí kò tó nǹkan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó parí. Ládélé ló ń ṣojú gbogbo wọn; ìbuwọ́lùwé rẹ̀ nìkan ló kù.

Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni. Orúnkún ń ro ó. Bí kò bá buwọ́ lù ú, ọ̀rọ̀ yóò di ti adájọ́, owó tirẹ̀ náà sì lè bá a lọ. Bí ó bá sì buwọ́ lù ú, ta ni yóò dá a lẹ́bi?

Múyìwá jáde, ó bọ́ ìbòjú, ó ń húkọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò tíì lọ buwọ́ lu owó yín? Ìyàwó yín á ti máa wo ilé tí ẹ máa rà ní Ìjẹ̀bú lórí fóònù o!"

"Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ọdún mẹ́rìnlá tí mo fi mu èéfín, màá fi owó rẹ̀ ra táyà mọ́tò. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ jàre. Tó bá jẹ́ èmi ni ẹ̀yin, ǹ bá ti buwọ́ lù ú láàárọ̀."

Irọ́ ni, Ládélé mọ̀. Kò sí ìbínú nínú ohùn ọmọkùnrin náà, ìyẹn ló sì dùn ún jù. Ó yọ àmì náà, ó fi lé e lọ́wọ́. Pátákó ṣófo.

Victoria dé láti ọ́fíìsì, ó na bírò sí i.

"Ọ̀gbẹ́ni Ládélé, gbogbo wọn ti jáde, àbí?"

Ládélé wo Múyìwá, tó ti jókòó sílẹ̀ tó ń bọ́ bàtà. Ó gba bírò náà, ó yí i lọ́wọ́ díẹ̀, ó sì dá a padà láì buwọ́ lùwé.

"Rárá," ni ó wí. "Ó ku àwọn kan nínú."

Victoria bojú wo ilé tí èéfín rẹ̀ ti ń tán lọ. Kò rí ẹnikẹ́ni.

Ládélé fa àga sídìí pátákó, ó rọra jókòó nítorí orúnkún rẹ̀. Olúkúlùkù wọn kò tíì gba tirẹ̀; ó mọ̀ pé ìdúró yìí yóò pẹ́.