Òwú Inú Àjà

Ilé iṣẹ́ ìjọba yẹn, oòrùn ni ọ̀gá níbẹ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù á máa hó látàárọ̀, ooru páànù ò ní jẹ́ kó ràn, iná ìjọba á kàn máa ṣòfò. Ni wọ́n bá ní kí Káfíńtà àti àbúrò ẹ̀ wá fi òwú tó nípọn tẹ́ inú àjà, láàárín pákó àti páànù.

Àbúrò yẹn, Ológbò ni wọ́n ń pè é, torí kò sí ihò tí kò lè gbà wọlé. Òun ló ń tẹ́ òwú lókè, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ á máa kan pákó nísàlẹ̀. Bàbá wọn tó kọ́ wọn níṣẹ́ fi òfin kan sílẹ̀ kó tó kú: kó o tó kan pákó tó kẹ́yìn, pe ẹni tó wà lókè. Kó dúró sórí ilẹ̀ dá ẹ lóhùn. Bí ò bá dáhùn, gbé òòlù sílẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, Ológbò ní òun fẹ́ dá dúró, kí ẹ̀gbọ́n òun fún òun ní àpótí irinṣẹ́ bàbá wọn.

"Ìwọ tí ìṣó ṣì ń wọ́ lọ́wọ́ ẹ?" Káfíńtà rẹ́rìn-ín. "Ológbò fẹ́ di ẹkùn."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ lónìí."

"Ó dáa. Yadi."

Ló bá bọ́ bàtà, ó gòkè lọ.

Lọ́sàn-án, Ẹnjinníà sáré wọlé. "Káfíńtà, ọ̀gá àgbà ti ń bọ̀ wá ṣílé o. Ẹ pa àjà yẹn dé."

"Ológbò," Káfíńtà pè. Kẹ́kẹ́ pa. "Ológbò, ṣé o ti sọ̀?"

"Ṣé kò sí lókè?" Ẹnjinníà bi í.

"Ó ti sọ̀ kalẹ̀. Ó ń bínú sí mi ni. Tí ebi bá pa á, á lóhùn."

Ló bá kan ìṣó.

Ọ̀gá àgbà dé, ó ní yàrá yìí mà tutù o, ó tún dákẹ́ rọ́rọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Káfíńtà náà pàtẹ́wọ́. Òwú tí kì í jẹ́ kí ooru kọjá, ṣé ohùn ló máa wá jẹ́ kó kọjá? Bóyá Ológbò gbá pákó, bóyá ó pe ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ẹnì kankan ò gbọ́.

Ìgbà tí wọ́n ń palẹ̀ mọ́ ni Káfíńtà rí bàtà lẹ́sẹ̀ àkàbà. Ọwọ́ lásán ló fi fa pákó ya, ṣùgbọ́n omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Ara òkú gbóná bí ìkòkò orí iná, yàrá sì tutù nini.

Káfíńtà ló kan pósí fúnra ẹ̀. Ó gbé àpótí irinṣẹ́ bàbá wọn sí ẹsẹ̀ àbúrò ẹ̀. Nígbà tó ku ìṣó kan, ó dúró.

"Ológbò."

Ìyá wọn fọwọ́ kàn án léjìká. "Ọmọ mi, kàn án."

Ó gbé òòlù sílẹ̀. "Kò tíì dáhùn, Màámi."