Olongo Tó Kọrin Lórí Afárá

Mo lá àlá kan lọ́sàn-án àná, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Mo bá ara mi ní kóòtù kan tó léfòó lójú odò. Àga, tábìlì, èèyàn, gbogbo wa ń fì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Kò yà mí lẹ́nu. Ohun tó bí mi nínú ni pé wọn ò fún mi lága.

Olongo, ẹyẹ kékeré tí kò ju àtàǹpàkò mi lọ, ni wọ́n gbé wá sẹ́jọ́. Akọ̀wé kóòtù, Ọ̀gbẹ́ni Láníyọnu, ka ẹ̀sùn sókè: "Olongo kó irin lórí afárá ìjọba!"

Mo yọjú wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. "Olongo korin" ni wọ́n kọ síbẹ̀, kò sí àmì lókè, kò sí àmì nísàlẹ̀.

"Akọ̀wé, ẹyẹ yìí kọrin ni! Irin wo ló fẹ́ fi ẹsẹ̀ tín-ín-rín yẹn gbé? Ẹ fi àmì sí i!"

Kálámù ọwọ́ rẹ̀ ló dá mi lóhùn. "Ìyá Ẹniafẹ́, ẹ má dà mí láàmú. Ìjọba kì í ra àmì fún wa."

"Bí kò bá kó irin," Adájọ́ bèèrè, "kí ló dé tí afárá fi wó?"

Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni ìwo ń yọ lórí rẹ̀. Ó di òbúkọ. Kò sẹ́ni tó mira, wọ́n sáà ń pè é ní "Olúwa mi" lọ. Òbúkọ wúkọ́, irin gbọọrọ kan bọ́ lẹ́nu rẹ̀, gbàù!

"Irin afárá nìyẹn!" mo pariwo. "Inú yín ló wà!"

Akọ̀wé nu irin náà, ó dá a padà sẹ́nu Adájọ́. "Olongo ló fi pamọ́ síbẹ̀," ó ní.

Wọ́n ní kí Olongo wí tẹnu rẹ̀. Kí ni ẹyẹ mọ̀? Ó kọrin. Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì kà á: "Ó tún kó irin lójú kóòtù!" Adájọ́ ní bó bá tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, àwọn á yọ ọ̀fun rẹ̀.

Ara mi ò gbà á. Mo já ìwé gbà, mo mú èédú kí n fi àmì sí i. Ìwé di ọ̀nà tó gùn lọ rẹrẹ. Mo ń sáré lórí rẹ̀, mo ń wá lẹ́tà "o" tó wà nínú "korin". Mo bá gbogbo lẹ́tà pàdé, àfi òun. Mo bojú wẹ̀yìn, Olongo ti tún la ẹnu.

"Dákẹ́!" mo ké. "Nítorí Ọlọ́run, panu mọ́!"

Ó wò mí bí ẹni tí mo gbá létí. Ó panu dé.

Òbúkọ rẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣeun, Ìyá. Ẹ ti bá wa ṣe é."

Mo ta jí. Ẹniafẹ́, ọmọ mi, dúró lẹ́nu ọ̀nà tòun ti ìgbálẹ̀, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Màmá, ẹ ní kí n dákẹ́."

Orin ló ti ń kọ bó ṣe ń gbálẹ̀ kí n tó ké lójú oorun.

"Ìwọ kọ́ ni mò ń bá wí, ọmọ mi. Jọ̀ọ́, máa kọ ọ́ lọ."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń gbá eruku jọ.

"Mi ò rántí ẹ̀ mọ́, mà."